Oyin Inú Àpáta àti Ẹnu Àáké: Ìtàn Ẹ̀rọ Ìwakùsà Bitcoin Nínú Ilé

 

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké." Ohun tí àwọn òbí wa fi òwe yìí kọ́ wa ni pé ẹni tó bá ń lépa ohun ribiribi kò gbọdọ̀ ṣojo nítorí ohun tí yóò ná an. Òwe rere ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2025, ẹnìkan fi òwe yìí bá mi jiyàn níbi tí kò ti yẹ, ìyẹn ló sì fa ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí.

Àbúrò mi kan tó ń tún fóònù ṣe ní Ìbàdàn ló wá bá mi nílé. Ó ní òun fẹ́ gba gbogbo owó tí òun ti ń dá sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti ọdún mẹ́rin, kí òun fi ra ẹ̀rọ tí ń wa bitcoin. Ẹnìkan ti fi àlòkù Antminer S9 kan lọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ náà yóò máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru nínú yàrá, owó yóò sì máa wọlé fún un bí ó tilẹ̀ ń sùn. Mo bi í pé, "Ǹjẹ́ o ti ṣírò owó iná tí yóò máa jẹ?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

Mo ní kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí ó tó fọwọ́ kan owó náà. Mo jókòó ti ìtàn àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, láti ọdún 2009 títí di òní. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo kọ sí ìsàlẹ̀ yìí, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe àbúrò mi nìkan ni irú èrò bẹ́ẹ̀ ti wá sí lọ́kàn.

Kí ni à ń wà gan-an?

Ọ̀rọ̀ tí àwọn òyìnbó ń lò fún iṣẹ́ yìí kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń lò fún wíwa góòlù, ìdí nìyí tí àwa náà fi ń pè é ní ìwakùsà. Ọ̀rọ̀ náà bá a mu dé ààyè kan, ṣùgbọ́n ó lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Kò sí bitcoin kankan tí a rì mọ́ inú ilẹ̀ tàbí inú ẹ̀rọ. Ohun tó wà ni ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn káàkiri ayé jọ ń tọ́jú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí a ń kọ owó tí ẹnìkan san fún ẹlòmíràn sínú rẹ̀. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ni a máa ń fi ojú ewé tuntun kan kún ìwé náà. Ojú ewé yìí ni wọ́n ń pè ní búlọ́ọ̀kù, ẹni tó bá sì jàre àtifi í kún un ni èrè wà fún.

Báwo ni a ṣe ń mọ ẹni tó jàre? Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan yóò máa mú nọ́ńbà kan lẹ́yìn òmíràn, yóò fi í sínú ìṣirò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ SHA-256, yóò sì wò ó bóyá èsì rẹ̀ kéré tó ìwọ̀n tí a fi lélẹ̀. Kò sí ọgbọ́n tí a lè dá sí i ju pé kí a máa gbìyànjú lọ. Ẹni tó bá lè gbìyànjú lọ́pọ̀ ìgbà jù ni oríire súnmọ́ jù. Nítorí náà, "ìgbìyànjú" ni n ó máa pe ohun tí àwọn oníṣẹ́ yìí ń pè ní hash. Terahash kan jẹ́ ìgbìyànjú tírílíọ̀nù kan.

Òfin kan tún wà tí ó ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ. Lẹ́yìn búlọ́ọ̀kù 2,016, ìyẹn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ètò náà yóò wo bí iṣẹ́ ṣe yá tó. Bí àwọn ẹ̀rọ bá ti pọ̀ tí iṣẹ́ sì ń yá jù, yóò mú ìṣirò náà le sí i. Bí wọ́n bá dínkù, yóò mú un rọ̀. Èyí ni bitcoin fi yàtọ̀ pátápátá sí owó ẹyọ àwọn baba wa. Láti erékùṣù Maldives ni ẹyọ ti ń wá sí ilẹ̀ wa láyé àtijọ́. Nígbà tí ó di àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò òyìnbó, pàápàá àwọn ará Hamburg ní Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí fi ọkọ̀ ojú omi kó irú ẹyọ mìíràn láti Zanzibar wá sí Èkó àti àwọn èbúté etíkun wa. Ẹyọ pọ̀ yanturu, iye rẹ̀ sì já wálẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó fi ọ̀kẹ́ ẹyọ pamọ́ sínú àká rí i pé ohun tí ó lè rà kò tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ní ti bitcoin, bó ti wù kí àwọn tó ń wà á pọ̀ tó, iye tó ń jáde kò pọ̀ sí i. Ilẹ̀ ni ó ń le, ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan ni ó sì ń kéré. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ohun tó kù dúró lé.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà ilé tó iṣẹ́ ṣe

Ọjọ́ 3, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2009 ni búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ jáde láti ọwọ́ ẹni tó pe ara rẹ̀ ní Satoshi Nakamoto. Èrè orí búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan nígbà náà jẹ́ bitcoin 50. Kò sí ẹ̀rọ àkànṣe kankan. Kọ̀ǹpútà tí ènìyàn fi ń tẹ lẹ́tà náà ni ó fi ń wà á. Hal Finney, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dán an wò. Òun ni Satoshi fi bitcoin 10 ránṣẹ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù náà, èyí tí í ṣe ìfowóránṣẹ́ àkọ́kọ́ láàárín ènìyàn méjì nínú ìtàn bitcoin. Finney wa búlọ́ọ̀kù mélòó kan láàárín ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó pa á. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ ní ọdún 2013 pé kọ̀ǹpútà òun ń gbóná, ariwo fáànù rẹ̀ sì ń yọ òun lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ yìí dá mi dúró. Ọ̀kan nínú àwọn ẹni àkọ́kọ́ tó wa bitcoin nínú ilé, ooru àti ariwo ni ó lé e kúrò nídìí rẹ̀, nígbà tí kò tíì sí ìdíje kankan. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé ẹ̀rọ ìwakùsà wọ inú ilé lónìí, ohun méjì yìí ni yóò kọ́kọ́ pàdé lẹ́nu ọ̀nà.

Fún nǹkan bí ọdún kan ni ilẹ̀ náà kò le sí i rárá, nítorí ọjọ́ 30, oṣù Ọ̀pẹ, ọdún 2009 ni ìwọ̀n ìnira kọ́kọ́ yí padà. Oyin wà lórí ilẹ̀ gbalasa, ṣùgbọ́n ojúlówó ọjà tí a ti lè tà á kò tíì sí, ọ̀pọ̀ àwọn tó sì rí i kò mọ̀ pé oyin ni.

Káàdì àwòrán, FPGA àti ọ̀rọ̀ iná

Ohun èlò àwọn ọmọ tó ń ta géèmù lórí kọ̀ǹpútà ni ó kọ́kọ́ yí ọ̀ràn padà. Káàdì tí ń gbé àwòrán jáde sójú kọ̀ǹpútà lè ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìṣirò kéékèèké lẹ́ẹ̀kan náà, irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ gan-an ni bitcoin sì ń fẹ́. Satoshi ti rí i ṣáájú. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2009 ni ó ti rọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n jọ fìmọ̀ ṣọ̀kan láti fa ìdíje káàdì àwòrán sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀, kí ẹni tó ní kọ̀ǹpútà lásán lè máa kópa. Ìmọ̀ràn náà kò dúró. Ní oṣù Èbìbí ọdún 2010, Laszlo Hanyecz ní ìpínlẹ̀ Florida ti ń fi káàdì àwòrán wà á. Òun kan náà ni ó fi bitcoin 10,000 ra pizza méjì ní ọjọ́ 22 oṣù náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí di òní. Èmi kò bá wọn dá sí i, nítorí mo mọ ibi tí irú ọ̀pọ̀ yanturu bẹ́ẹ̀ ti wá: àáké rẹ̀ mú ju ti àwọn tó yí i ká lọ lákòókò náà.

Káàdì bíi Radeon HD 5870 lè ṣe nǹkan bí ìgbìyànjú 400 mílíọ̀nù ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nígbà tí kọ̀ǹpútà lásán kò kọjá mílíọ̀nù díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ nǹkan bí iná 200 wáàtì. Bí àwọn ènìyàn ti ń pọ̀ sí i, ẹni tó ní káàdì kan ṣoṣo lè wà á fún oṣù gbọọrọ láìrí búlọ́ọ̀kù kan. Ní ìparí ọdún 2010, Marek Palatinus, ọmọ ilẹ̀ Czech, dá ẹgbẹ́ alájọwà àkọ́kọ́ sílẹ̀, èyí tí a wá mọ̀ sí Slush Pool. Àwọn tí ẹ̀rọ wọn kéré pa agbára pọ̀, wọ́n sì ń pín èrè gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí kálukú ṣe. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ti ń ṣe àáró lóko yóò lóye rẹ̀ kíá. Síbẹ̀, kí a má ṣi ètò náà gbọ́: àjọwà mú kí owó máa wọlé díẹ̀díẹ̀ dípò kí ènìyàn máa dúró de oríire, kò sọ díẹ̀ di púpọ̀.

Ní ọdún 2011, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí lo FPGA, irú chip kan tí ẹni tó rà á lè tún inú rẹ̀ tò fún iṣẹ́ tí ó bá fẹ́. Ọ̀kan nínú wọn lè ṣe nǹkan bí ìgbìyànjú 200 mílíọ̀nù pẹ̀lú nǹkan bí 10 wáàtì péré. Kò yá tó káàdì àwòrán, ṣùgbọ́n fún iye iná kan náà, iṣẹ́ rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá. Níbí ni ìbéèrè ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, wọn a máa bi ara wọn pé, "Báwo ni ẹ̀rọ rẹ ṣe yá tó?" Láti ìgbà náà, ìbéèrè tó mọ́gbọ́n wá ni, "Iṣẹ́ mélòó ni ó ń ṣe fún iná tí ó jẹ?" Èyí gan-an ni mo ń pè ní ẹnu àáké.

Ọdún 2013: ẹni tó tètè dé àti ẹni tó pẹ́

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní ASIC ni ó gba ìjọba lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Chip tí a gbẹ́ fún SHA-256 nìkan ni. Kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tó ra káàdì àwòrán lè tà á fún ọmọ tó fẹ́ràn géèmù nígbà tí ọjà bá dojú dé. Ẹni tó ra ASIC kò rí ẹni tí yóò tà á fún bí kò ṣe awakùsà bíi tirẹ̀.

Ilé iṣẹ́ Avalon ti ilẹ̀ Ṣáínà ni ó kọ́kọ́ fi ASIC ránṣẹ́ sí oníbàárà. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ dé ọwọ́ Jeff Garzik ní Amẹ́ríkà ní ìparí oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2013. Owó tí wọ́n tà á jẹ́ 1,299 dọ́là, ó sì lè ṣe ìgbìyànjú tó lé ní bílíọ̀nù 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mo fi ìwọ̀n ìnira ìgbà náà ṣírò rẹ̀: irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yóò rí nǹkan bí bitcoin 10 lóòjọ́. Bitcoin kan jẹ́ nǹkan bí 20 dọ́là nígbà náà, nítorí náà owó ẹ̀rọ lè wọlé padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Irú ìròyìn yìí ni ó mú orí àwọn ènìyàn kún.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Èrèlé ọdún 2013, ìwọ̀n ìnira jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 3. Ní ìparí oṣù Ọ̀pẹ ọdún kan náà, ó ti kọjá bílíọ̀nù kan. Láàárín oṣù mọ́kànlá, ilẹ̀ náà ti le tó ìlọ́po irínwó. Avalon kan náà tó ń mú bitcoin 10 wá lóòjọ́ kò lè mú ìdá kan nínú ọgbọ̀n bitcoin kan wá mọ́. Òótọ́ ni pé iye bitcoin fúnra rẹ̀ gòkè lọ́dún náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi 1,299 dọ́là náà ra bitcoin ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ tí ó sì fi í pamọ́ yóò ní ju 60 lọ, láìgbọ́ ariwo fáànù kankan. Nítorí náà, kì í ṣe owó tí a ra ẹ̀rọ nìkan ni ó ń pinnu èrè, ọjọ́ tí ẹ̀rọ dé ọwọ́ ẹni wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Àwọn oníbàárà Butterfly Labs ní ìpínlẹ̀ Kansas mọ èyí ju gbogbo ènìyàn lọ. Láti ọdún 2012 ni ilé iṣẹ́ náà ti ń gba owó ASIC sílẹ̀ kí ẹ̀rọ tó wà. Èyí tó kéré jù nínú wọn ni wọ́n pè ní Jalapeño, tí wọ́n ṣe fún ẹni tó fẹ́ gbé e sórí tábìlì nílé. Oṣù kọjá lórí oṣù. Àjọ FTC ti ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé títí di oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún 2013, ó lé ní 20,000 ènìyàn tí kò tíì rí ẹ̀rọ wọn gbà. Ní ọdún 2014 àjọ náà gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́, wọ́n sì parí rẹ̀ pẹ̀lú àdéhùn ní ọdún 2016. Ohun tí àjọ náà sọ nílé ẹjọ́ ni ó yẹ kí á fi ṣe àríkọ́gbọ́n: ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó padà dé ti di àkísà tàbí kí ó kù díẹ̀ kí ó di àkísà lọ́jọ́ tí ó dé.

Ẹ̀kẹta nínú ìtàn ọdún náà ni Block Erupter ti ilé iṣẹ́ ASICMINER. Ẹ̀rọ kékeré bí àtàǹpàkò ni, tí a ń kì bọ ojú ihò USB kọ̀ǹpútà. Ó ń ṣe ìgbìyànjú 333 mílíọ̀nù, ó sì ń jẹ 2.5 wáàtì. Kò pariwo, ó sì rẹwà lójú. Ní àárín ọdún 2013, wọ́n ń tà á ní bitcoin kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tún mú bírò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Òkúdu, yóò rí nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún bitcoin lóòjọ́. Bí ilẹ̀ kò bá le sí i, oṣù mẹ́ta ni yóò fi san bitcoin kan tí a fi rà á padà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ń le ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ẹ̀rọ náà kò lè san án padà láé. Ẹni tó tà á ti gba oyin tirẹ̀ lọ, àáké ni ó fi sílẹ̀ fún ẹni tó rà á.

Ẹ̀rọ jáde kúrò nílé

Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ náà kọjá agbára ilé. Ilé iṣẹ́ Bitmain mú Antminer S1 jáde ní ìparí ọdún 2013. Ní ọdún 2016 ó mú S9 jáde, tí ń ṣe nǹkan bí terahash 13.5 pẹ̀lú iná tó lé ní 1,300 wáàtì, tí ariwo fáànù rẹ̀ kò jẹ́ kí ènìyàn gbádùn yàrá tí ó bá wà. Àwọn olówó ń to ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún sínú ilé ńláńlá, nítòsí ibi tí iná ti pọ̀ tí ó sì pọ́ọ́kú, bí ẹ̀bá àwọn ìdídò amúnáwá ní Sichuan ní Ṣáínà. Nígbà tí ìjọba Ṣáínà fòfin de iṣẹ́ náà ní ọdún 2021, ọ̀pọ̀ wọn kó lọ sí Amẹ́ríkà àti Kazakhstan. Ní ọdún 2016 kan náà ni àwọn tó ń tọ́jú Bitcoin Core, ètò kọ̀ǹpútà tí Satoshi bẹ̀rẹ̀, yọ ẹ̀ka ìwakùsà kúrò nínú rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó wúlò fún mọ́.

Bí ilẹ̀ ti ń le, bẹ́ẹ̀ náà ni èrè ń dínkù. Lẹ́yìn búlọ́ọ̀kù 210,000 kọ̀ọ̀kan ni a máa ń gé èrè sí méjì. Bitcoin 50 di 25 ní ọdún 2012, ó di 12.5 ní ọdún 2016, 6.25 ní ọdún 2020, ó sì di 3.125 ní ọjọ́ 20, oṣù Igbe, ọdún 2024.

Ẹ̀rọ kékeré padà wálé

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú ìtàn yìí ni pé lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ̀rọ kékeré tún padà sórí tábìlì. Ní ọdún 2023, ẹnìkan tó ń jẹ́ Skot lórí íntánẹ́ẹ̀tì fi àwòrán iṣẹ́ ẹ̀rọ kan tí ó pè ní Bitaxe síta lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó bá mọ iṣẹ́ lè ṣe tirẹ̀. Irú chip tó wà nínú àwọn ẹ̀rọ ńláńlá Bitmain ni wọ́n lò, ẹyọ kan péré. Èyí tí wọ́n ń pè ní Gamma ń ṣe nǹkan bí terahash 1.2 pẹ̀lú wáàtì tí kò tó 20. Ẹ gbọ́ o: fún iye iná kan náà, iṣẹ́ rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́fà ti S9. Ẹnu àáké náà mú gan-an. Ilé iṣẹ́ Canaan, àwọn ọlọ́jà Avalon, náà ṣe Nano 3 ní ọdún 2024. Ó ń ṣe terahash 4 pẹ̀lú nǹkan bí 140 wáàtì, wọ́n sì ń polówó rẹ̀ pé ó tún ń mú yàrá móoru. Ìyẹn dára fún ará Kánádà tó yẹ kó ra ẹ̀rọ ìmúlémóoru tẹ́lẹ̀. Ní Ìbàdàn, ooru náà jẹ́ gbèsè kejì, nítorí fáànù tàbí ẹ̀rọ amúlétutù ni yóò tún lé e jáde.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní Bitaxe kì í bá ẹgbẹ́ alájọwà ṣe. Ojúlé bíi Solo CKPool, tí Con Kolivas ará Ọsirélíà dá sílẹ̀, ni wọ́n ń gbà dá wà á, kí gbogbo èrè lè jẹ́ ti ẹni tí orí rẹ̀ bá ṣí. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 2024, ìròyìn tàn ká pé irú ẹ̀rọ yìí rí búlọ́ọ̀kù kan, tí èrè rẹ̀ lé ní bitcoin 3. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rà á.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Ní ọdún 2025, àpapọ̀ agbára àwọn ẹ̀rọ ìwakùsà lágbàáyé dé nǹkan bí terahash bílíọ̀nù kan. Terahash 1.2 nínú bílíọ̀nù kan, pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù bí 52,560 lọ́dún: bí a bá pín in dọ́gba, ẹ̀rọ náà yóò rí búlọ́ọ̀kù kan láàárín nǹkan bí 15,800 ọdún. Ó lè jẹ́ ọ̀la, ó sì lè má jẹ́ láé. Ìyẹn kì í ṣe ìwakùsà mọ́. Kàlòkàlò tó ń jẹ iná díẹ̀ ni. N kò bú u. Ẹni tó bá mọ̀ pé kàlòkàlò ni, tí ó sì rà á nítorí ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ohun tí ayé ń sọ, kò ṣe àṣìṣe. Ẹni tó bá rà á bí ẹni tó ra oko kòkó ni ó ṣìnà.

Ọ̀rọ̀ èmi àti àbúrò mi

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, àbúrò mi padà wá. A tẹ́ ìwé sórí tábìlì. Mo ní ìbéèrè mẹ́rin ni ìtàn kọ́ mi láti bi ẹ̀rọkẹ́rọ: iṣẹ́ mélòó ni ó ń ṣe fún iná tí ó jẹ? Èló ni iná náà, ṣé kì í sì í lọ? Ìgbà mélòó ni yóò fi wúlò kí ilẹ̀ tó le kọjá agbára rẹ̀? Ta ni yóò rà á lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí n kò bá fẹ́ ẹ mọ́?

A bẹ̀rẹ̀ lórí S9 rẹ̀. Yóò jẹ ju yúníìtì 31 lọ lóòjọ́. Àdúgbò rẹ̀ wà lára àwọn tí a fi sí ìsọ̀rí A, níbi tí yúníìtì kan ti lé ní 200 náírà. Owó iná ọjọ́ kan yóò lé ní 6,400 náírà. Kí ni yóò mú wá? Bitcoin tuntun tó ń jáde lóòjọ́ ní gbogbo ayé jẹ́ nǹkan bí 450. Ìpín terahash 13.5 nínú rẹ̀ kò ju 0.000006 lọ. Nígbà tí a fi iye bitcoin àti iye dọ́là ọjọ́ náà ṣírò rẹ̀, kò jìnnà sí ẹgbẹ̀rún náírà kan. Lójoojúmọ́ ni yóò máa fi ju 5,000 náírà ṣòfò, kí a má tíì sọ ti ọjọ́ tí iná bá lọ tí yóò tan ẹ̀rọ amúnáwá, tàbí ti ìyàwó àti ọmọ tí kò ní lè sùn nínú ariwo.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀rọ náà kò mú mọ́ ni?" Mo ní, "Ó mú ní ọdún 2016. Àpáta ni ó ti le jù ú lọ."

Owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ di òní. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó fi owó àpò rẹ̀ ra Bitaxe kékeré kan. Ó gbé e sórí tábìlì níbi iṣẹ́ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìjórin rẹ̀. Kò tíì rí búlọ́ọ̀kù, kò sì retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti tú u palẹ̀, ó ti tò ó padà, ó mọ iṣẹ́ apá kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀. Bí oníbàárà bá béèrè ohun tí nǹkan náà ń ṣe, òun gan-an ni ó ń ṣàlàyé fún wọn bí ilẹ̀ ṣe ń le. Mo gbọ́ pé ó ti gba ẹnìkan lọ́wọ́ àlòkù S9 mìíràn.

Ní ti òwe tí ó fi bá mi jiyàn, n kò rò pé àwọn àgbà parọ́. Ẹni tó ti rí oyin lójú ara rẹ̀, tí ó sì mọ̀ pé àpáta náà kò ní le ju bí ó ti rí lánàá lọ, kó gé e lọ láìwo ẹnu àáké. Ṣùgbọ́n níbi tí àpáta ti ń le sí i ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, tí ẹni tó ń ta àáké sì ń jẹun ṣáájú ẹni tó ń gé àpáta, ẹ jẹ́ kí a wo ẹnu àáké dáadáa kí a tó yọwó.